Ìfiwéra Ohùn Àwọn Ẹ̀rọ Orin Alágbèéká

Ìfiwéra ohùn àwọn ẹ̀rọ orin alágbèéká ni wíwo bí ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn ń gbé kiri ṣe ń gbé orin jáde: ṣé gbogbo ohun tó wà nínú orin ló dé etí, ṣé ẹ̀rọ kò fi ariwo tirẹ̀ kún un, ṣé béèsì rẹ̀ pé, ṣé ohùn kì í fọ́ bí wọ́n bá yí i sókè. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀rọ méjì kì í fara sin fún ẹnikẹ́ni tí etí rẹ̀ kò di. Lóde òní, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kó ipa tó kéré jù nínú ohun tí à ń gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn olùtajà ń pariwo jù. Íapíìsì, fáìlì àti bí orin ṣe lọ sókè tó ló ń ṣe èyí tó pọ̀.

Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní ọdún 1963, ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í gbà sílẹ̀, kì í ṣe orin. Nígbà tí Sony bẹ̀rẹ̀ sí í ta Walkman àkọ́kọ́, TPS-L2, ní Jàpáánì ní oṣù keje ọdún 1979, sẹ̀ǹtímítà 4.76 péré ni téèpù inú rẹ̀ ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìrìn jẹ́jẹ́ yìí wà lára ohun tó fa ariwo ṣíì tó máa ń wà lẹ́yìn orin. Lórí kásẹ́ẹ̀tì lásán, àlàfo tó wà láàárín ohùn tó ga jù àti ariwo téèpù kì í fi bẹ́ẹ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50 lọ. Ọgbọ́n Dolby B lè dín ṣíì náà kù ní nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10. TPS-L2 kò ní in. Walkman Professional WM-D6 ti ọdún 1982 ní in.

Ìṣòro tó le ju ṣíì lọ ni kí téèpù máa rìn ségesège, orin Yorùbá sì wà lára àwọn tí èyí ń bà jẹ́ jù. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ìlù dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Bí bátìrì bá rẹ̀, tí gbogbo orin falẹ̀ tí ohùn sì wálẹ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ ìlù ṣì lè yéni, nítorí pé ohùn òkè ṣì wà lókè ti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń yára tó tún ń falẹ̀ láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo, ìró tó yẹ kó dúró gbọọrọ a máa gbọ̀n, olùgbọ́ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ohun tí onílù ń wí. Nínú WM-D6 tí mo dárúkọ lókè, kírísítà ló ń ṣọ́ ìrìn mọ́tò kó má baà yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn akọ̀ròyìn fi máa ń gbé e lọ sóde gbígba ohùn sílẹ̀ nígbà náà.

Discman D-50, ẹ̀rọ sídiì alágbèéká tí Sony gbé jáde ní ọdún 1984, pa ìṣòro méjèèjì rẹ́. Sídiì ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì 16 ló sì fi ń kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, èyí tó fún un ní àlàfo nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 96. Ẹ̀sùn kan tó kù ni pé ó máa ń fò bí ẹni tó gbé e bá ń sáré.

Fáìlì MP3 ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ padà. Ilé ìwádìí Fraunhofer ní Erlangen, ní Jámánì, ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Karlheinz Brandenburg, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ náà, lo orin “Tom’s Diner” ti Suzanne Vega láti fi tún un ṣe, torí pé ohùn obìnrin náà dá dúró láìsí ohun èlò kankan tí àbùkù lè sá pamọ́ sí lẹ́yìn. Ohun tí MP3 ń ṣe ni pé ó ń gé ìró tí ìró mìíràn ti bò mọ́lẹ̀ dànù. Kílóbíìtì 1,411 ni sídiì ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 128 ni ọ̀pọ̀ MP3 àtijọ́ ń lò, torí pé mẹ́mórì kéré. Ẹ̀rọ MPMan F10 ti ọdún 1998 ní mẹ́gábáìtì 32, ìwọ̀nba orin nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ gé dànù, kó fetí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: wóró-wóró ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ a di ariwo kan tó ń ṣàn bí omi. Kò sí ẹ̀rọ tó lè dá ohun tí fáìlì ti sọ nù padà. Nítorí náà, ẹni tó fi ẹ̀rọ méjì wéra pẹ̀lú fáìlì tó yàtọ̀ síra, fáìlì ló fi wéra.

Ibi tí ẹ̀rọ méjì ti máa ń yàtọ̀ ní tòótọ́ ni ihò tí à ń ki íapíìsì bọ̀. Ẹ̀rọ ní ìdènà iná tirẹ̀ níbẹ̀, íapíìsì ní tirẹ̀, ohm ni a sì fi ń wọn méjèèjì. Bí ti ẹ̀rọ bá ga, yóò gba lára iná tó yẹ kó dé íapíìsì. Ká ní ó ń gbà á dọ́gba ni, orin kàn máa rọlẹ̀ díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdènà ọ̀pọ̀ íapíìsì kì í dúró sójú kan: ó lè jẹ́ ohm 10 níbi béèsì, kó di 60 níbi ohùn tínrín. Ká so irú rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí tirẹ̀ jẹ́ ohm 10: béèsì ti pàdánù ìdajì iná rẹ̀, ohùn tínrín pàdánù ìdá kan péré nínú méje. Ìyàtọ̀ náà lé ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 4, ọmọdé pàápàá á gbọ́ ọ. Lórí ẹ̀rọ tó ní ohm 1, kò ní tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń sọ pé kí ìdènà ẹ̀rọ má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti íapíìsì lọ. Sansa Clip ti SanDisk, ẹ̀rọ kékeré tí owó rẹ̀ kò wọ́n, gbayì lọ́dọ̀ wọn torí pé ìdènà rẹ̀ kéré. Òdìkejì rẹ̀ tún wà: Sennheiser HD 600, tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ ohm 300, ń fẹ́ agbára iná tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àpò kò ní.

Etí fúnra rẹ̀ kì í ṣe adájọ́ tó ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ohùn ẹ̀rọ kan bá fi díẹ̀ péré ga ju ti èkejì lọ, olùgbọ́ kì í sọ pé ó ga jù, á ní ó dára jù ni, pé ó ní ẹ̀mí. Kí ìfiwéra tó lè jẹ́ òótọ́, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n mú fọ́lúùmù wọn dọ́gba, kí olùgbọ́ má sì mọ èyí tó ń gbọ́. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ABX, A àti B ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún un, lẹ́yìn náà X, kó wá sọ èyí tí X jẹ́. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí Meyer àti Moran tẹ èsì irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ jáde: wọ́n ń fi orin tí ìwọ̀n rẹ̀ ga ju ti sídiì lọ wé ìwọ̀n sídiì. Nínú ìgbà 554, ìgbà 276 ni ìdáhùn àwọn olùgbọ́ tọ̀nà, èyí tí kò yàtọ̀ sí kí wọ́n máa ta owó ẹyọ sókè. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí Joshua Reiss ṣe ní ọdún 2016 rí ìyàtọ̀ kan, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn olùgbọ́ gbà. Èsì ti ọdún 2007 kò dí olórin Neil Young lọ́wọ́: ó rí owó tó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ orin lórí Kickstarter ní ọdún 2014 fún PonoPlayer rẹ̀, ẹ̀rọ tó wà fún irú orin tí ìwọ̀n rẹ̀ ga bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ta ní 399 dọ́là. Ọjà náà kò pẹ́ tó fi kógbá sílé.

Òfin pàápàá dá sí ọ̀rọ̀ fọ́lúùmù. Ìlànà EN 50332 ti ilẹ̀ Yúróòpù fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 ṣe òpin fún ẹ̀rọ àti íapíìsì tí wọ́n tà pọ̀, nítorí etí àwọn ọ̀dọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan náà lè dà bí èyí tí kò lágbára níbẹ̀, kó sì ké tantan níbòmíràn.

Láti ìgbà tí iPhone 7 ti yọ ihò íapíìsì kúrò ní ọdún 2016, ọ̀pọ̀ fóònù mìíràn sì tẹ̀ lé e, ìfiwéra náà ti ń ṣípò. Lórí Bluetooth, fóònù kàn ń fún orin pọ̀ tó sì ń fi í ránṣẹ́ ni. Inú íapíìsì ni ṣíìpù tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn wà. Ọ̀nà ìfúnpọ̀ SBC, tí gbogbo fóònù àti íapíìsì Bluetooth ní, sábà máa ń dé kílóbíìtì 328 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, LDAC ti Sony lè dé 990. Bí fóònù olówó gọbọi àti fóònù olówó pọ́ọ́kú bá lo ọ̀nà kan náà ní ìwọ̀n kan náà sí íapíìsì kan náà, etí kò ní rí nǹkan kan fi yà wọ́n sọ́tọ̀.