Àpò àti àpótí àwo CD àti DVD: bí a ṣe ń ṣe é kí ohun tó wà nínú àwo má baà sọnù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àjàṣẹ́, ẹ ò ní ṣàì rí àwo CD tàbí DVD kan nínú àpótí aṣọ tàbí lórí pẹpẹ. Ìsìnkú bàbá àgbà ló wà nínú òmíràn, ìgbéyàwó ló wà nínú òmíràn. Òmíràn sì jẹ́ orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn àgbà tó kọ ọ́ ti kú tán. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ṣùgbọ́n orin tí wọ́n kọ ní àdúgbò tiyín, ní ọdún báyìí, ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ èyí tó wà lórí pẹpẹ yẹn. Bí ó bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

Ẹ wá wo ohun tí a fi wé e: nílọ́ọ̀nù ni, tàbí ìwé ìròyìn, tàbí kí ó wà níhòòhò bẹ́ẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, a máa sọ ohun tí àpótí àwo gbọ́dọ̀ ṣe, irú àwọn tó wà àti àléébù wọn, àti bí ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ṣe ọ̀kan nílé.

Báwo ni àwo ṣe rí?

Télọ̀ kì í rán aṣọ láìwọn ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn àwo.

Iléeṣẹ́ Philips ti Họ́láńdì àti Sony ti Japan ló jọ ṣe CD. Ọdún 1982 ló dé ọjà ní Japan. DVD tẹ̀lé e ní 1996, Blu-ray sì dé ní 2006. Bákan náà ni ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: sẹ̀ǹtímítà 12 ní fífẹ̀, mìlímítà 1,2 ní nínípọn, ihò àárín rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 15.

Pílásítíìkì líle tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń pè ní polycarbonate, ni ara àwo. Nínú rẹ̀ ni àwọn ihò tíntìntín tí ojú ènìyàn kò lè rí wà, tí wọ́n tò yípo bí ìgbín ṣe ń yí ìkarahun rẹ̀, láti àárín lọ sí etí. Ìmọ́lẹ̀ lésà ló ń ka ihò wọ̀nyí. Ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà ni alumíníọ̀mù kan tó fẹ́lẹ́ gan-an.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í rèé. Wọ́n rò pé abẹ́ tó ń dán nìkan ló ṣe ẹlẹgẹ́, wọ́n á wá da ojú tí a kọ orúkọ sí bolẹ̀. Ti CD kò rí bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù yẹn sún mọ́ ojú tí a kọ orúkọ sí. Ọ̀dà fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló bò ó. Bí abẹ́ àwo bá họ díẹ̀, àwọn oníṣẹ́ lè dán an padà. Bí ojú òkè bá họ wọ inú, alumíníọ̀mù ti ṣí kúrò nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe.

DVD yàtọ̀ díẹ̀. Àwo méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 0,6 ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ohun tí a ká sì wà láàrin wọn. Ohun tí DVD ń bẹ̀rù jù ni kí a tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ibi tí a lẹ̀ lè ṣí. Ti Blu-ray, mìlímítà 0,1 péré ló wà láàrin ohun tí a ká àti abẹ́ àwo, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kun abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà líle.

Àwo tí a fi kọ̀ǹpútà kọ nílé, tàbí èyí tí oníṣẹ́ fídíò kọ fún yín, kò ní ihò bíi ti ilé-iṣẹ́. Aró ló wà nínú rẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń ṣá aró ara aṣọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣá aró inú àwo. Irú àwo yìí ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí a fi ká ayẹyẹ ìdílé.

Àwọn ọ̀tá àwo

- Eruku. Eruku pupa ilẹ̀ wa àti ti ìgbà ọyẹ́ dà bí iyanrìn tí a fi ń ha igi. Bí ó bá wọ inú àpò, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fa àwo yọ ló ń họ ọ́.
- Ìlà tó yípo. Ẹ̀rọ tó ń ka CD mọ bí a ti í dí àlàfo: bí ìlà kan bá gé ọ̀nà rẹ̀ ní ìwọ̀n bíi mìlímítà 2,5, ó ṣì lè tún un ṣe. Nítorí náà, ìlà tó lọ tààrà láti àárín sí etí kò burú púpọ̀. Èyí tó yípo pẹ̀lú àwo ló ń bà á jẹ́.
- Oòrùn àti ooru. Àwo tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀ lè ká kò.
- Ọ̀rinrin. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ará Spéènì ṣàlàyé nípa CD kan tó ti Belize wá, ilẹ̀ tó móoru tó sì ní ọ̀rinrin. Olú tíntìntín kan ti jẹ ẹ́ wọ inú, ó jẹ pílásítíìkì, ó jẹ alumíníọ̀mù. Ẹ má rò pé nítorí pé àwo kì í ṣe igi ni kò fi lè hu ebu.
- Kẹ́míkà. Epo bẹtiróò àti omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná ń jẹ polycarbonate. Nílọ́ọ̀nù rírọ̀ kan tún wà, tí wọ́n ń pè ní PVC: ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kí ó lè rọ̀ máa ń jáde díẹ̀díẹ̀, á sì lẹ̀ mọ́ ojú àwo bí ó bá pẹ́ nínú ooru.

Iṣẹ́ márùn-ún tí àpótí tó dáa ń ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àpótí àwo, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè márùn-ún yìí. Ṣé àárín tàbí etí ló fi di àwo mú, tí nǹkan kan kò fi kan ojú rẹ̀? Ṣé kò ní jẹ́ kí àwo tẹ̀? Ṣé ó dí eruku àti ìmọ́lẹ̀? Ṣé ohun tí a fi ṣe é kì í ṣe èyí tó ń lẹ̀ mọ́ àwo? Ṣé ọmọdé lè mú àwo jáde láì fi ìka kan abẹ́ rẹ̀? Àpótí tó dáhùn gbogbo rẹ̀ dáadáa ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe àpótí ni kí ó mọ èyí tí òun lè fi du èyí.

Àwọn èyí tó wà lọ́jà

Àpótí tó mọ́ kedere tí àwọn Faransé ń pè ní boîtier cristal ni àkọ́kọ́. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 142 sí 125, ó nípọn tó 10. Eyín kéékèèké tó wà láàrin rẹ̀ ló di ihò àwo mú, nítorí náà kò sí ohun tó kan ojú àwo. Níti ìtọ́jú, òun ló dáa jù. Àléébù rẹ̀ ni pé pílásítíìkì tí a fi ṣe é máa ń fọ́: bí ó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, eyín á kán. Ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Àpótí DVD ga tó mìlímítà 190, ó fẹ̀ tó 135. Pílásítíìkì tó rọ̀ díẹ̀ ni, kì í tètè fọ́, dúdú sì ni púpọ̀ nínú wọn, tí kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé. Àléébù kan ni pé eyín àárín òmíràn le jù. Ẹ má fa etí àwo sókè tipátipá. Ẹ fi ìka kan tẹ àárín eyín náà mọ́lẹ̀, àwo á tú ara rẹ̀ sílẹ̀.

Àpò ìwé tàbí ti páálí kò wọ́n, kì í sì í fọ́. Ṣùgbọ́n ó ń ha àwo bí a ṣe ń fà á wọlé, tí a ń fà á jáde. Ìwé àwòrán onílọ́ọ̀nù tí a fi ń kó àwo ogún tàbí ọgbọ̀n rọrùn láti gbé; ti ìrìnàjò ni, kì í ṣe ti ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Kì í ṣe gbogbo páálí ni wọ́n ṣe nítorí àwo o. Ní Amẹ́ríkà, títí di 1993, wọ́n máa ń ti àpótí CD bọ inú páálí gígùn kan tó ga tó ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kí ó lè bá pẹpẹ tí wọ́n ń tò àwo ńlá àtijọ́ sí mu. Àwọn oníbàárà pariwo pé ìdọ̀tí lásán ni, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń ṣe àpótí mọ̀ bóyá àwo lòun ń ṣe é fún, tàbí ọlọ́jà.

Bí ẹ ṣe lè ṣe tiyín nílé

Ẹ wá ìwé funfun A4 kan tó mọ́ (sẹ̀ǹtímítà 21 sí 29,7). Ẹ má lo ìwé ìròyìn, nítorí tàdáwà rẹ̀ ń ràn.

1. Ẹ gbé ìwé náà lóròó. Ẹ wọn sẹ̀ǹtímítà 4,2 ní apá ọ̀tún àti 4,2 ní apá òsì, kí ẹ ṣẹ́ ẹ wọ inú. Àárín á ku 12,6. Ẹ tún ṣí i padà.
2. Láti ìsàlẹ̀, ẹ wọn 12,6, kí ẹ fa ìlà. Ẹ tún wọn 12,6 lókè rẹ̀, kí ẹ fa ìlà mìíràn. Èyí tó kù lókè á jẹ́ 4,5.
3. Ẹ gbé àwo sí àárín, láàrin ìlà méjèèjì, kí abẹ́ tó ń dán kọjú sí ìwé. Ẹ ṣẹ́ apá ọ̀tún àti òsì bò ó.
4. Ẹ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ sókè, kí ó bo gbogbo rẹ̀.
5. Ẹ ṣẹ́ 4,5 tó kù wálẹ̀, kí ẹ tì í bọ abẹ́ èyí tí ẹ ti ṣẹ́ sókè. Kò gba gọ́ọ̀mù rárá.

Ìwé nìkan kò tó o. Ẹ gé páálí méjì, sẹ̀ǹtímítà 14 sí 14, kí ẹ fi àpò náà sáàrin wọn. Bí páálí náà bá ní ìlà nínú, ẹ jẹ́ kí ìlà ọ̀kan dúró lóròó, kí ti èkejì dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ní tẹ̀ síbì kankan. Ẹ fi okùn òwú dì í. Rọ́bà máa ń yọ́ nínú ooru.

Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìlú sára páálí. Ẹ má fi bíìkì kọ nǹkan sójú àwo, ẹ má sì lẹ ìwé mọ́ ọn: bí ìwé bá ṣí lápá kan, àwo kò ní yí dáadáa mọ́, ó sì lè fa alumíníọ̀mù kúrò.

Bí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́, tàbí tọ́jú rẹ̀

Bí ẹ bá ń fi àwo rán awakọ̀ takisí tàbí onízémidjan, ẹ fi aṣọ wé páálí yẹn kí ẹ tó fi í sínú àpótí, kí ó má baà máa fò sókè sódò. Ní ìgbà òjò, ẹ fi nílọ́ọ̀nù wé ìta rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé, kí ẹni tó gbà á bọ́ nílọ́ọ̀nù náà lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rinrin má ṣe há sínú.

Nílé, ẹ to àwo lóròó bí a ṣe ń to ìwé. Ẹ má kó wọn jọ ní òkìtì. Ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ló yẹ wọ́n, kì í ṣe ẹ̀bá fèrèsé, kì í sì í ṣe orí tẹlifíṣọ̀n. Bí eruku bá bà á, ẹ fi aṣọ òwú rírọ̀ àti omi tó mọ́ díẹ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí, ní tààrà. Ẹ má nù ún yípo bí àwo oúnjẹ.

Èyí tó kẹ́yìn ni pé kò sí àpótí tó lè sọ àwo di ohun ayérayé. Àpótí ń fún wa ní àkókò ni. Kí àkókò náà tó tán, ẹ wá ẹni tó ṣì ní kọ̀ǹpútà tó ń ka àwo, nítorí pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú àwo mọ́. Ẹ ní kí ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí USB méjì. Kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ọmọ ilé kan ní ìlú mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ dá àwo padà sínú àpótí rẹ̀, kí ó lọ sinmi.