Àgàn, Akúra àti Ẹni Tí Kò Lórúkọ: Ìtàn Wíwá Ọmọ ní Àríwá Èkìtì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ ti wúwo tó lọ́kàn àwọn baba ńlá wa, kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí orúkọ. Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí, tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú ogun Kírìjì, ogun tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí pé ẹ̀bùn Ifá ni kí ó tó di jagunjagun. Fárẹ̀mílẹ́kún tilẹ̀ jinlẹ̀ ju èyí lọ: ẹkún ti wà nílé kí ọmọ tó dé. Àwọn ọlọ́ṣun náà ní Ọ̀ṣúnbùnmi tiwọn, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ilẹ̀ Èkìtì wa níhìn-ín, ní Ìgèdè, ni odò Ọ̀ṣun ti sun kí ó tó ṣàn dé Òṣogbo, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń tọrọ ọmọ ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún.

Nínú ẹsẹ Ifá, obìnrin nìkan kọ́ ni ó ń dífá nítorí ọmọ. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ sunkún àìrọ́mọbí. Ọba dífá, ọdẹ dífá, ẹranko àti igi pàápàá dífá. Èdè ojoojúmọ́ wa kò ṣe déédéé tó bẹ́ẹ̀. A ní àgàn fún obìnrin. Fún ọkùnrin a ní akúra àti òkóbó, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ kò lè ṣe ojúṣe ọkọ ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tí ó ń bá aya rẹ̀ lò pọ̀ dáadáa, àmọ́ tí ohun tí í di ọmọ kò tó nínú àtọ̀ rẹ̀, kò ní orúkọ kankan láwùjọ. Ohun tí kò lórúkọ, ta ni yóò wá a? Nítorí náà ẹ̀bi wọlé tọ obìnrin. Wọ́n fẹ́ ìyàwó kejì, wọ́n fẹ́ ẹ̀kẹta, títí obìnrin mẹ́ta fi di àgàn nínú ilé ọkùnrin kan ṣoṣo.

Àwọn oníṣègùn mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ àtọ̀ tí ń ṣàn bí omi, wọ́n sì ní àgúnmu fún un. Wọ́n mọ̀ pẹ̀lú pé àtọ̀sí tí a kò tètè wò a máa ba ọ̀nà ọmọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ àtọ̀sí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn olùwádìí tó bá wa péjọ fiyè sí. Ní ọdún 1985, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet tẹ àbájáde ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí àwọn tọkọtaya tí ń wá ọmọ ní orílẹ̀-èdè 25. Nínú àwọn obìnrin Áfíríkà tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní 85 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìṣòro wọn tọ́ka sí àkóràn. Káríayé, 33 ni. Àtọ̀sí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àkóràn lẹ́yìn ìbímọ tàbí oyún ṣíṣẹ́ tí kò mọ́. Àwọn àgbà ríran. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹyin tí ó ti dí pátápátá, n kò tíì rí àgbo tí ó ṣí i.

Ayé wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 1978 ni wọ́n bí Louise Brown ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àkọ́kọ́ tí a so ẹyin àti àtọ̀ rẹ̀ pọ̀ nínú àwo lẹ́yìn ara. Ní ọdún 1989, iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru so èso ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba àpapọ̀ gba ilé ìwòsàn Ìdó-Èkìtì ní 1998, ó sì di ilé ìwòsàn olùkọ́ni ní 2014. Ará Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́ kò ní láti lọ sí Ìbàdàn mọ́ kí dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbà wo ni kí a lọ? Àwọn oníṣègùn òyìnbó ní bí tọkọtaya bá ti ń bá ara wọn lò pọ̀ déédéé fún oṣù 12 láìsí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, tí oyún kò sì dúró, ó tó àkókò. Bí obìnrin bá ti pé ọdún 35, oṣù mẹ́fà ti tó. Kí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò lọ déédéé, ẹni tí àkóràn ti bá nísàlẹ̀ ikùn rí, tàbí ọkùnrin tí ṣègede wọ kóró ẹpọ̀n rẹ̀ má ṣe dúró rárá. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni ó rọrùn jù nínú gbogbo àyẹ̀wò wọ̀nyí. Òun náà ni a sábà máa ń fi sẹ́yìn.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò ní ọmọdé ń gbé oníbàárà fún dókítà. Kí wọ́n má bínú sí mi: Ifá pàápàá a máa ní kí a fi oògùn ti ẹbọ lẹ́yìn. Bí obìnrin bá dá wá sọ́dọ̀ mi nítorí ọmọ, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó padà mú ọkọ rẹ̀ wá kí n tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọ. Lẹ́yìn tí Ifá bá ti sọ̀rọ̀, mo máa ń bi wọ́n ní iye oṣù, mo sì ń ní kí àwọn méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ọkọ ṣáájú. Àwọn ọkọ mìíràn a dìde kúrò lórí ẹní pẹ̀lú ìbínú. Àwọn mìíràn a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́, aya wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.