Òṣìṣẹ́ Tuntun: Ẹ Kọ Àdéhùn Sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí wọ́n bá fi ẹnu lásán ṣe àdéhùn. Bí owó oṣù bá dé tí kò pé, kí ni òṣìṣẹ́ yóò fi ṣe ẹ̀rí?

Abala 7 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ti dáhùn ìbéèrè yìí fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ akọ̀wé. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìwé àdéhùn, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù 3 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Irú iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ fòpin sí iṣẹ́ yóò fi sọ tẹ́lẹ̀.

Àwa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má dúró di oṣù 3. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ fún un ní ìwé náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kà á fún un bí kò bá mọ̀wé, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí àkókò ìrun Jímọ̀, kí ẹ sì fi ẹni tí yóò máa bi léèrè ọ̀rọ̀ hàn án. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín.