Agogo Kẹ̀kẹ́ àti Fèrè Ìkìlọ̀: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kìlọ̀ fún Ta?

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Kò sí ẹni tí òwe yìí bá mu tó ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lójú títì tí ọkọ̀ pọ̀ sí. Irin ni ó yí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ká. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Bí àwọn méjèèjì bá kọlu ara wọn, kò sí ẹni tí kò mọ ibi tí ìyà yóò pọ̀ sí. Abájọ tí àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ fi ń bèèrè pé: irú ohun ìkìlọ̀ wo ni ó yẹ kí àwọn so mọ́ kẹ̀kẹ́? Ṣé agogo kékeré ti àtijọ́ tó, tàbí fèrè tí ohùn rẹ̀ le bí ti ọkọ̀ ni ó yẹ? Ìbéèrè náà jọ ọ̀rọ̀ ọjà lásán, ṣùgbọ́n ó ní ìtàn lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn náà lè fi owó ra ariwo, kí ó sì rò pé ààbò ni òun rà.

Nígbà tí a kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́, kò ní ohùn kankan. Ní ọdún 1817 ni Karl von Drais, ará Jámánì, gbé ẹ̀rọ onígi kan tí ó ní àgbá méjì jáde ní ìlú Mannheim. Ẹsẹ̀ ni ẹni tí ó gùn ún fi ń ti ilẹ̀ kí ó tó lè lọ. Ní ayé ìgbà náà, gbogbo ohun tí ń sáré lójú ọ̀nà ni ó ń kéde ara rẹ̀. Pátákò ẹṣin a máa dún kó-kò-kó lórí òkúta; àgbá kẹ̀kẹ́ ẹrù tí a fi irin dè a máa pariwo; ẹni tí ń da ẹṣin náà a sì máa ké. Etí ni àwọn ènìyàn fi ń mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ ni ó da àṣà yìí rú. Ó yára bí ẹṣin, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ rìn bí ológbò.

Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn ará ìlú Ọba rí ni agogo. Ní ọdún 1877, John Richard Dedicoat, ará Birmingham, gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí agogo kẹ̀kẹ́ tí ó ṣe. Irú agogo bẹ́ẹ̀ tí ó wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà kò le lò rárá: àtàǹpàkò ni a fi ń ti irin kékeré kan, eyín inú ọmọrí rẹ̀ a sì yí, a máa lu irin náà léraléra. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò lo iná, kò lo epo.

Ọdún 1888 ni ọ̀rọ̀ náà di òfin. Ní ọdún yìí kan náà ni John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko ní ìlú Belfast, gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí táyà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tí ó tún mú kí kẹ̀kẹ́ dákẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nínú òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí ìlú Ọba ṣe ní ọdún náà, wọ́n ka kẹ̀kẹ́ kún ọkọ̀ ìrìnnà, wọ́n sì pa á láṣẹ pé bí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bá fẹ́ kọjá lára ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, tàbí ẹṣin, tàbí kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó gbọ́dọ̀ lu agogo tàbí kí ó súfèé, tàbí kí ó wá ọ̀nà mìíràn kìlọ̀ láti òkèèrè. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ohun tí òfin yìí dúró lé. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni ó yára jù; nítorí náà, òun ni ó jẹ ẹlẹ́sẹ̀ ní gbèsè ìkìlọ̀. Alágbára ni ó ń tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ aláìlágbára.

Kò pẹ́ tí ohun tí ó yára ju kẹ̀kẹ́ lọ fi dé. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 1896, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bridget Driscoll ń rìn nínú ọgbà Crystal Palace ní London, ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ han àwọn ènìyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà gbá a, ó sì kú. Òun ni ẹlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pa ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí wọ́n ń wádìí ikú rẹ̀, awakọ̀ sọ pé eré òun kò ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan, àti pé òun lu agogo, òun sì pariwo. Wọ́n ní ńṣe ni obìnrin náà dúró bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dà rú mọ́ lójú. Wọ́n dá ẹjọ́ náà sí èèṣì. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ikú náà kò tíì di ti àtijọ́: agogo dún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ kò mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe. Ìró kì í di ìkìlọ̀ àfi bí ó bá yé ẹni tí a ń kìlọ̀ fún, tí àyè sì wà fún un láti yà.

Ní ọdún 1896 kan náà ni òfin tuntun gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàyè láti sáré ju bí ènìyàn ti ń rìn lọ, ó sì ní kí ọkọ̀ náà ní agogo tàbí ohun mìíràn tí a lè fi kìlọ̀. Ohun mìíràn náà ni ó wá borí. Fèrè onírọ́bà tí a ń fi ọwọ́ fún kọ́kọ́ gbòde. Lẹ́yìn náà ni Klaxon dé. Miller Reese Hutchison, ará Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é. Ọdún 1908 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Ẹ̀rọ iná kan ni ó ń yí àgbá eléyín, eyín náà a sì máa ha irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan títí yóò fi ké. Láti inú èdè Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ igbe líle. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ti kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ oníná tí ń ran etí àwọn tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ ní ńṣe ni ó ń fi ọwọ́ kan di ènìyàn létí, tí ó sì ń fi ọwọ́ kejì ta ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.

Láti ìgbà Klaxon ni ìtumọ̀ ìró ojú ọ̀nà ti yí padà. Agogo ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń wí pé, “Mo ń bọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́.” Fèrè ọkọ̀ ń wí pé, “Kúrò lọ́nà!” Ẹ̀bẹ̀ ti di àṣẹ. Ní ọdún 1930, ìlú Ọba fagi lé òfin agogo ti ọdún 1888. Lóde òní, kẹ̀kẹ́ tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agogo, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní kí ẹni tí ó rà á má tú u kúrò. Jámánì kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin ìrìnnà tiwọn ní kí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ní agogo tí ohùn rẹ̀ dún gooro, ó sì ka fèrè àti ohun ìró mìíràn léèwọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: bí ẹlẹ́sẹ̀ bá gbọ́ agogo, ó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni, bí ó bá gbọ́ fèrè, kò mọ ohun tí ń bọ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò ṣòro fún àwọn ènìyàn láti lóye èyí. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Raleigh láti Nottingham wọ ìlú, tí àwọn olùkọ́, àwọn wolé-wolé, àwọn tí ń ra kòkó àti àwọn oníṣẹ́ ìjọ ń gùn ún láti ìletò dé ìletò, orúkọ tí wọ́n fún ohun ìkìlọ̀ rẹ̀ ni agogo. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Irin ọwọ́ akéde ni. Akéde kì í fi agogo di ará ìlú létí. Ìró rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n á fi dákẹ́ gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ. Bákan náà ni ti kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà oko. Ẹni tí ó ru igbá tàbí igi ìdáná sórí kò lè ṣàdédé yí ọrùn wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ agogo láti òkèèrè, yóò rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹrù rẹ̀ kò sì ní dà.

Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàrin ọ̀nà oko yẹn àti títì ìlú ńlá lónìí. Gíláàsì ọkọ̀ wà ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, rédíò ń kọrin. Ohùn agogo kì í wọ ibẹ̀. Èyí ni ó bí àwọn fèrè líle ti òde òní. Dẹ̀síbẹ̀lì ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìró. Bí a bá fi 10 kún un, agbára ìró náà ti di ìlọ́po 10. Bí fèrè bá sì jìnnà sí etí ní ìlọ́po méjì ní gbangba, nǹkan bí 6 ni yóò dín. Irú fèrè kan wà tí ó ní ìgò tí a ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Àwọn tí ó ṣe é sọ pé ohùn rẹ̀ tó dẹ̀síbẹ̀lì 115. Ní nǹkan bí ọdún 2013, Jonathan Lansey ní Boston gbé fèrè oníbátìrì kan jáde tí ohùn rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ gan-an. Èrò rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ awakọ̀ ti mọ ohùn yẹn. Yóò tẹ ìjánu kí ó tó ronú. Ní ọdún 2013 bákan náà, ìwé Guinness gba orúkọ kẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Ọba tí wọ́n so fèrè ọkọ̀ ojú irin mọ́, pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ irú èyí tí àwọn tí ń wọ ìsàlẹ̀ omi ń gbé. Dẹ̀síbẹ̀lì 178 ni wọ́n ní ohùn rẹ̀ jẹ́. Láti pe àfiyèsí sí ewu ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ṣe é. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò gbé e lọ sọ́jà.

Báwo wá ni kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ṣe yàn? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó mọ ẹni tí òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ àti ọmọdé ni ó pọ̀ ní ọ̀nà rẹ̀, agogo ni ó yẹ ẹ́. Fèrè ọkọ̀ tí ó bá dún lẹ́yìn arúgbó lè mú kí ó ta gìrì wọ àárín títì, bí ìdààmú ti dá Bridget Driscoll dúró sójú kan. Bí ó bá jẹ́ àárín ọkọ̀ ni ó ń gbà, fèrè líle wúlò fún ọkọ̀ tí ń padà sẹ́yìn, tàbí èyí tí ó fẹ́ yà gba iwájú rẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́. Fún ọkọ̀ tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àǹfààní: ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń rin mítà bí 17 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ohun kejì ni ọwọ́. Ibi tí àtàǹpàkò yóò ti kàn án láìfi ìjánu sílẹ̀ ni ó yẹ kí a so ó mọ́, nítorí ìjánu ni ó ń gba ẹ̀mí là ju ìró lọ. Ohun kẹta ni etí ẹni tí ó ni ín. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń ka dẹ̀síbẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lójúmọ́ sí ààlà ewu níbi iṣẹ́. Etí tí ó sì sún mọ́ fèrè jù ni ti ẹni tí ń fọn ọ́n. Ẹni tí ó bá ní agbára rẹ̀, kí ó ní méjèèjì: agogo fún ojoojúmọ́, fèrè fún ọjọ́ ewu.

Bí gbogbo ènìyàn bá ń ké, kò sí ẹni tí a óò gbọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n rọ awakọ̀ láti má fọn fèrè rárá, nítorí pé ariwo ti pọ̀ débi pé ó ti di àìsàn. Fèrè ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yóò wúlò níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣọ̀wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù. Ní ọdún 1888, ẹni tí ó yára ni òfin ní kí ó kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń lọ jẹ́jẹ́. Lónìí, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí ó ń lọ jẹ́jẹ́ ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra fèrè kí alágbára má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Gbèsè náà ti kúrò lọ́rùn ẹni tí ó jẹ ẹ́. Kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ra ohun tí yóò dáàbò bò ó, ó tọ́. Ṣùgbọ́n kí awakọ̀ má rò pé fèrè ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni ó yẹ kí ó rán òun létí pé ènìyàn wà lójú títì. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ìlú tí awakọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí, agogo kékeré yóò tó ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ibẹ̀.