Bí Yunifásítì Ṣe Ń Pe Ọmọ: Láti Orí Rédíò dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Douala

Ẹni tó bá ń lọ láti PK8, ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò Douala tí a fi òǹkà kìlómítà sọ lórúkọ, sí PK17 níbi tí Yunifásítì Douala ní ọgbà kan sí, yóò máa rí àwọn ọ̀dọ́ tí ojú wọn kì í kúrò lára fóònù, nítorí ibẹ̀ ni ìkéde ìforúkọsílẹ̀ àti ọjọ́ ìdánwò ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga látijọ́.

Wouri, odò ọlọ́là, odò tó gbé ọkọ̀ Potogí, tó gbé ti Jámánì, tó tún gbé ti Faransé, ló sọ Douala di ẹnu-ọ̀nà ilẹ̀ Kamẹrúùnù, síbẹ̀ Yaoundé ni ìjọba tẹ yunifásítì àkọ́kọ́ dó sí ní 1962. Ó di 1977 kí Douala tó rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tirẹ̀, ó sì di 1993, nígbà tí Yaoundé ti kún àkúnya, kí ìjọba tó sọ ti Douala di ọ̀kan nínú yunifásítì mẹ́fà. Kòkó, kọfí àti epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé nígbà náà, nítorí náà ọmọ tí ìjọba ń fún lówó tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń san 50,000 franki CFA, mímú un dúró títí yóò fi gboyè sì wá ṣòro ju pípè é wá lọ.

Rédíò ni akéde láyé ìgbà náà. Wákàtí gbọọrọ ni wọ́n fi ń ka orúkọ àwọn tó yege GCE, ìdánwò tí a fi ń wọ yunifásítì, tí tẹbí tará yóò pé yí ẹ̀rọ ká, tí ẹnikẹ́ni kò ní í wúkọ́; ẹni tí kò bá gbọ́ dáadáa a wá ìwé ìròyìn Cameroon Tribune, tàbí kó wọ mọ́tò lọ wo orúkọ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Ayọ̀ ọmọ kan di ayọ̀ agboolé, ohun tí mo kà sí ọlá ńlá. Àmọ́ ọmọ tó bá wà lóko lè má mọ̀ títí àkókò ìforúkọsílẹ̀ yóò fi kọjá.

Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun, SAT-3, gúnlẹ̀ sí Douala ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún yìí, ìpè náà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, débi pé ní 2016 Ààrẹ Paul Biya ṣèlérí kọ̀ǹpútà 500,000 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní òpin ọdún náà gan-an ni àwọn agbẹjọ́rò àti olùkọ́ ẹkùn méjì tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní a ń fi èdè Faransé tẹ kóòtù àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lórí ba. Ní 17 January 2017, lábẹ́ àṣẹ ìjọba, íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ ní ẹkùn méjèèjì, kò sì fọhùn títí di 20 April, ọjọ́ 93 gbáko. Buea, ìlú yunifásítì tí kò ju nǹkan bí 70 kìlómítà lọ sí Douala, di ìlú tí kò lè fi lẹ́tà kan ṣọwọ́ lórí ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń wọ mọ́tò wá sí Douala nítorí iṣẹ́ tí wọn ì bá jókòó sílé ṣe. Àwọn mìíràn gba yàrá kan ní abúlé Bonako, lẹ́bàá ààlà, níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń dé, wọ́n sì sọ ọ́ di àgọ́ àwọn tí a lé kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó ń dúró de èsì ìgbaniwọlé láti òkè òkun, tí ọjọ́ ń lọ, tí owó mọ́tò sì ń tán! Ìyà tí kò yẹ ọmọ ènìyàn ni, mo sì gbà pé ẹni tó gé okùn yẹn gé e mọ́ ọ̀pọ̀ tí kò sí nínú ìjà rárá.

Ní March 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa, WhatsApp ni àwọn aṣojú kíláàsì fi ń pín àkọsílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀kùn sì ṣí ní 1 June, ẹni tí kò rówó ra dátà ní láti kọ́kọ́ bẹ ọ̀rẹ́ fún ìwé tó ti kọjá lórí rẹ̀, kó tó ronú kan ìdánwò.