Ẹ̀dà Ìpamọ́ àti Ẹ̀dà Olè: Ìtàn Àwo Géèmù ní Èkó

Kí ohun tó ṣọ̀wọ́n má baà parun ni ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ bí a ti ń ṣe ẹ̀dà. Akọ̀wé ayé àtijọ́ fi ọwọ́ da ìwé kọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì dé, ohùn olórin di ohun tí onílé lè gbà sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń pa nǹkan mọ́ náà ni ọwọ́ tó lè jí i. Àwo géèmù jẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọdún 1982 ni Sony àti Philips gbé àwo sídì jáde fún títà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, Sony gbé ẹ̀rọ géèmù PlayStation jáde ní Japan, orí irú àwo bẹ́ẹ̀ ni a sì tẹ eré rẹ̀ sí. PlayStation 2 tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2000, òun sì ń lo àwo DVD, tí ìpele kan ṣoṣo rẹ̀ gba gígábáìtì 4.7. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí dé Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àlòkù. Ní Alápẹ̀rẹ̀, Kétu àti Ìkòsí, gẹ́gẹ́ bí i ní àdúgbò mìíràn, ọ̀dọ́ tí òbí rẹ̀ kò lè ra ẹ̀rọ a máa san owó díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kí ó lè gbá bọ́ọ̀lù lójú tẹlifíṣàn.

Níbẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Àwo tí gbogbo àdúgbò ń lò kì í pẹ́ gbó: eruku bà lé e, ìka ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, nǹkan họ ọ́ lára. Bí ara àwo bá ti họ púpọ̀, iná lésà tó ń ka ohun tí a tẹ̀ sínú rẹ̀ kò ní rí ojú ọ̀nà mọ́, owó tí oníṣọ́ọ̀bù fi rà á sì wọgbó. Ọlọ́gbọ́n oníṣọ́ọ̀bù a fẹ́ ṣe ẹ̀dà sórí àwo òfìfo, kí ó fi ojúlówó pamọ́.

Ẹ̀rọ náà kò gbà. Ní inú àwo PlayStation àkọ́kọ́, nítòsí àárín, ipa ojú àwo ń mì lọ́nà kan tó jẹ́ àmì agbègbè tí a ti tà á, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń kọ àwo kò sì lè ṣe irú àmì yìí. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá jó ohun kékeré kan mọ́ inú rẹ̀, èyí tó ń fi àmì náà hàn án bí ẹni pé àwo ni ó ti wá. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀dà tí a fi pamọ́ àti ayédèrú tí a kó lọ sọ́jà. Òwò ayédèrú kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó: láti ìgbà tí Living in Bondage ti jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní ọdún 1992, fíìmù àti orin ni àwọn adàkọ ń tà, Alábà ní Ọjọ́ sì di olókìkí nínú òwò náà.

Òfin pàápàá ń ṣe iyèméjì. Ní ọdún 1980, Amẹ́ríkà gba ẹni tó ra ètò kọ̀ǹpútà láàyè láti ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1991. Ní 1998 Amẹ́ríkà kan náà ka jíjá àgádágodo orí iṣẹ́ oníṣẹ́ léèwọ̀. Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ní 1970, ó fi Dìkíríì 47 ti ọdún 1988 rọ́pò rẹ̀. Òfin ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, náà sì kọ jíjá àgádágodo bẹ́ẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ẹni tó san owó ni àgádágodo ń dá dúró, adàkọ ọjà sì ti rí ọ̀nà ẹ̀yìn gbà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ kó gbogbo ẹ̀dà dà nù. Shaihu Umar, fíìmù tí Adamu Halilu ṣe ní ọdún 1976, ti di ohun ìgbàgbé kí a tó rí i ní ọdún 2016 nínú àká fíìmù ìjọba ní Jos. A tún un ṣe, a sì fi í hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Ìpamọ́ ni ó gbà á là.

Ìbéèrè mẹ́ta ni olùkọ́ lè gbé ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́. Ta ni ó ra ojúlówó? Ibo ni ẹ̀dà ń lọ? Ta ni ó gba owó rẹ̀? Bí ojúlówó bá wà nínú àpótí ẹni tó rà á, tí ẹ̀dà kò sì jáde nílé, ìtọ́jú ni. Bí ẹ̀dà bá di ọjà, tí ẹni tó ṣiṣẹ́ kò rí kọ́bọ̀, olè ni, ìbáà jẹ́ àwo géèmù, ìbáà jẹ́ fíìmù tiwa.