Ewúro àti Àtọ̀gbẹ: Ìtàn Ewé Kan Láti Inú Ìkòkò Dé Ilé Àyẹ̀wò

  Ọ̀rọ̀ ewúro ni mo fẹ́ bá yín sọ. Àtọ̀gbẹ ti wọ ilé púpọ̀ láàrin wa, mo sì ń gbọ́ tí àwọn kan ń béèrè bóyá àwọn lè fi omi ewúro rọ́pò oògùn dókítà. Ẹ jẹ́ kí ìtàn dá wa lóhùn.

Orúkọ tí a ń pe àrùn yìí ní èdè wa fi hàn pé àwọn baba wa kíyè sí i dáadáa: aláìsàn ń tọ̀, ara rẹ̀ ń gbẹ. Wọ́n mọ ewúro náà. A ń fi se ọbẹ̀, a sì ń fún omi rẹ̀ mu. Àwọn Ìgbò aládùúgbò wa ń pè é ní onugbu.

Àrùn họ́mónù ni àtọ̀gbẹ. Họ́mónù dà bí ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá òmíràn. Èyí tó ń jẹ́ insulin ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara. Ọdún 1921 ni Frederick Banting àti Charles Best rí i yọ ní Toronto, ní Kánádà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1922, wọ́n fi gún ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, ó sì yè. Ṣáájú ìgbà náà, ọmọ tí insulin bá tán lára rẹ̀ kì í pẹ́ láyé.

Níbí ni ewúro ti wọ ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1992, Akah àti Okafor, onímọ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka, kọ ọ́ jáde pé ewúro dín ṣúgà kù nínú ẹ̀jẹ̀ ehoro. Ní 1994, Igile àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí luteolin àti ìbátan rẹ̀ méjì nínú ewé náà, wọ́n sì fi hàn pé antioxidant ni wọ́n. Kí ni èyí? Bí irin ṣe ń dípẹtà, bẹ́ẹ̀ ni ohun apanilára ń jáde nígbà tí ara bá ń lo oúnjẹ. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á máa ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Antioxidant ló ń kápá wọn.

Ṣé ó wá tó láti da oògùn nù? Ẹ wo ewé galega ti ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn àgbà ibẹ̀ ti ń lò ó tipẹ́, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá èyí tó jọ ọ́ tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, òun ni metformin. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní 1922. Ọdún 1957 ni Jean Sterne ní ilẹ̀ Faransé tó kọ àbájáde rẹ̀ lára aláìsàn jáde. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1994. Ó ju àádọ́rin ọdún lọ! Ewé ni orísun, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló sọ ọ́ di oògùn.

Ewúro ṣì wà lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ̀rí ehoro àti eku kì í ṣe ẹ̀rí ènìyàn. Ẹni tí insulin ti tán lára rẹ̀, tó bá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí àgbo, lè kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó sì ń da omi ewúro pọ̀ mọ́ oògùn láìsọ fún dókítà lè rí kí ṣúgà rẹ̀ já wálẹ̀ jù: yóò máa làágùn, yóò máa gbọ̀n, ó sì lè dákú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká máa jẹ ewúro wa bí oúnjẹ, ká má fi oògùn sílẹ̀, ká máa yẹ ṣúgà wò, ká sì jẹ́ kí dókítà mọ gbogbo ohun tí a ń mu. Adùn ní ń gbẹ̀yìn ewúro. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí adùn gbẹ̀yìn ayé gbogbo wa. Àmín.